Adégòkè Adélabú àti Iṣẹ́ Aṣojú Aráàlú ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, 1951–1958



Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ Adégòkè Adélabú ní Ìbàdàn, nǹkan méjì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ènìyàn lọ́kàn. Èkíní ni ìnagijẹ rẹ̀, Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì. Èkejì ni ìjàǹbá ọkọ̀ tí ó pa á ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, ọdún 1958, àti rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé e. Ẹ̀rín ni a fi ń sọ ti èkíní; ìbànújẹ́ ni a fi ń sọ ti èkejì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà láàárín ẹ̀rín àti ìbànújẹ́ yìí tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń pìtàn rẹ̀, èyíinì ni iṣẹ́ tí ó ṣe gẹ́gẹ́ bí aṣojú aráàlú ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò lónìí.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Apá méjì ni iṣẹ́ aṣòfin pín sí. Ó gbọ́dọ̀ gbé ohùn aráàlú wọ inú ilé ìgbìmọ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ inú ilé ìgbìmọ̀ padà tọ aráàlú lọ, ní èdè tí yóò yé wọn. Àwọn tí ó lè ṣe apá méjèèjì kò pọ̀ nígbà náà. Adélabú ṣe é, ó sì ṣe é débi pé òun nìkan ni ó wá di afárá láàárín ìjọba àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà, nítorí ọjọ́ tí afárá kan ṣoṣo bá já, ẹni tí ó wà lókè odò kò lè gbọ́ ohùn ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ mọ́.

Ìbí, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ajé

A bí Adélabú ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1915, ní Òkè-Olúọ̀kún, ní ìlú Ìbàdàn. Ilé Mùsùlùmí ni ó ti jáde, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ àwọn onígbàgbọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, ní Kúdẹtì, kí ó tó lọ sí ti Màpó. Ní ọdún 1931 ó wọ Government College, Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Higher College ní Yábàá ní ọdún 1936, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ UAC. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi kúrò, tí ó sì wọ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe kí ó tó dé ilé ìgbìmọ̀ máa ń hàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ìdí irè oko, pàápàá jù lọ kòkó, ni Adélabú ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún UAC. Ó ṣe ayẹkòkówò lábẹ́ ìjọba. Nígbà tí ó yá, ó ń dá òwò ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá ti dúró nídìí òṣùwọ̀n kòkó yóò mọ̀ pé ẹnu òṣùwọ̀n yẹn ni ìjọba, oníṣòwò òkèèrè àti àgbẹ̀ ti ń pàdé, àti pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àgbẹ̀ ni kò mọ bí a ti dá iye owó. Adélabú mọ ìhà méjèèjì. Ó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì dé ibi tí ó ga. Ó sì mọ ọ̀nà oko.

Ìlú tí ó ń ṣojú fún

Ìbàdàn tí Adélabú ti bẹ̀rẹ̀ òṣèlú kì í ṣe ìlú tí inú rẹ̀ dùn. Lóòótọ́, ìlú náà tóbi, òwò sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó ń dun àwọn mẹ̀kúnnù rẹ̀. Àìsàn kan mú igi kòkó, ìjọba sì ní kí a máa gé àwọn igi tí àìsàn náà bá ti kàn. Bí ó ti yé àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn, igi díẹ̀ ni a gé kí oko lè bọ́. Bí ó ti yé àgbẹ̀, ogún baba rẹ̀ ni wọ́n ń gé lulẹ̀ lójú rẹ̀. Ìbínú yìí ni ó bí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí à ń pè ní Máyégún.

Láàárín ọdún 1949 sí 1951, ìjà ńlá tún wáyé lórí ọ̀rọ̀ Olóyè Sàláámì Àgbájé, ọlọ́rọ̀ àti olóyè tí ìpò rẹ̀ ti ń súnmọ́ orí àpèrè. Ọ̀pọ̀ àwọn olóyè àti mọ́gàjí fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ nípò, ìjọba sì gbé ìwádìí dìde lórí ọ̀ràn náà. Inú ìjà yìí ni Adélabú ti kọ́kọ́ di gbajúmọ̀. Àwọn olóyè tí kò mọ̀wé nílò ẹni tí yóò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn ránṣẹ́ sí ìjọba, kálámù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tó di aṣòfin, ó ti di akọ̀wé ẹni tí kò lè kọ̀wé.

Lẹ́yìn èyí ni Ọ̀ṣun yà kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Òmìnira ni èyí jẹ́ fún àwọn ìlú Ọ̀ṣun, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lójú àwọn olóyè Ìbàdàn, ilẹ̀ tí àwọn baba wọn ti ń jẹ láti ayé ogun ni a já gbà lọ́wọ́ wọn. Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ti ọdún 1952 sì tẹ̀lé e, èyí tí ó gbé agbára ìlú kúrò lọ́wọ́ àwọn olóyè lọ sọ́dọ̀ àwọn tí a dìbò yàn. Ẹni tí yóò bá ṣe aṣojú irú ìlú báyìí yóò bá ìbínú tí ó ti hó kalẹ̀.

Ilé ìgbìmọ̀ ti ọdún 1951

Òfin tí a fi orúkọ Gómìnà Macpherson pè ni ó fún Ìwọ̀-Oòrùn ní ilé ìgbìmọ̀ tí àṣẹ rẹ̀ nípọn díẹ̀. Ọgọ́rin ni àwọn aṣojú tí a ó yàn. Ìdìbò náà kì í ṣe bí èyí tí a mọ̀ lónìí: aráàlú a yan àwọn kan, àwọn wọ̀nyẹn a yan àwọn mìíràn, títí tí yóò fi kan àwọn tí yóò wọ ilé. Nípa ọ̀nà yìí ẹlòmíràn lè dé ilé ìgbìmọ̀ láìjẹ́ pé aráàlú mọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí yóò bá ṣe níbẹ̀. Ìbàdàn ní àyè mẹ́fà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Ibadan People's Party ni ó gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Adélabú wà lára wọn, A. M. A. Akínlóyè náà sì wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ ńlá méjì ni ó ń du ilé náà: Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, àti NCNC ti Dókítà Nnamdi Azikiwe, tí a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Alákùkọ. Bí ilé náà ti ń ṣí ní oṣù Kìíní, ọdún 1952, Action Group ni ó ní ènìyàn púpọ̀ jù. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Ìbàdàn ti dara pọ̀ mọ́ wọn, Akínlóyè sì di mínísítà ètò ọ̀gbìn. Adélabú kò lọ. Ó dúró ti NCNC ní ìhà àwọn alátakò.

Títí di òní ni a ṣì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan sọ pé àwọn tí ó lọ kò da ẹnikẹ́ni, nítorí wọn kò fi ìgbà kan búra fún NCNC, àti pé bí ìlú kan bá fẹ́ rí nǹkan gbà, inú ìjọba ni ó yẹ kí ọmọ rẹ̀ wà. Àwọn mìíràn sọ pé ìgbìmọ̀ dalẹ̀ ni. N kò rò pé ó yẹ kí òpìtàn fi ẹnu kan dá ẹjọ́ náà. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni bí ìlú ti rí i. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn kò mọ ohun tí òfin Macpherson wí, mọ̀ pé àwọn kan ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà, pé ẹnì kan kò sì ṣí. Fún wọn, ìyẹn tó. Ọrọ̀ tí Adélabú ná fún ọdún mẹ́fà tí ó tẹ̀lé e, ọjọ́ yẹn ni ó ti rí i kó jọ. Ní ọdún 1952 kan náà ni ó tẹ ìwé tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, Africa in Ebullition, nínú èyí tí ó ti ṣe àlàyé ìgbàgbọ́ rẹ̀ nípa òmìnira àti òṣèlú.

Ohùn ilé àti ohùn ìta

Gẹ̀ẹ́sì ni èdè Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Òun ni a fi ń ka àbá òfin, òun ni a fi ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ mínísítà. Nítorí náà, odi kan wà láàárín ilé náà àti ìlú tí a kọ́ ọ sí. Àgbẹ̀ tí ó ń san owó-orí kò lè mọ ohun tí a sọ nípa owó náà àfi bí ẹnì kan bá wá tú u fún un.

Ìtàn ìnagijẹ Adélabú wá láti orí odi yìí. Bí a ti máa ń gbọ́ ọ, ó ṣe àpèjúwe rúdurùdu kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, peculiar mess. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mú ìró náà, wọ́n sọ ọ́ di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì fi dá ẹni tí ó sọ ọ́ lọ́lá. Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àìmọ̀wé ni ó fà á. Èmi rí i bí ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ kì í di ti aráàlú bí kò bá dé etígbọ̀ọ́ wọn. Iye ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn aṣòfin sọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò lóǹkà. Mélòó nínú wọn ni ó dé inú èdè wa? Èyí dé, nítorí ẹni tí ó sọ ọ́ a máa jáde kúrò nínú ilé lọ bá àwọn ènìyàn ní gbangba Màpó àti ní àgbàlá àwọn mọ́gàjí, yóò sì fi òwe, àwàdà àti èébú tú ọ̀rọ̀ ìjọba palẹ̀ fún wọn. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká kọ ìwé nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ó jáde ní ọdún 1994, ọ̀rọ̀ yìí ni ó fi sínú orúkọ ìwé náà.

Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní ilé náà tún fi ọgbọ́n yìí hàn. Ó so àwọn àgbẹ̀, àwọn tí owó-orí ń dùn àti àwọn olóyè pọ̀, ó sì pe ẹgbẹ́ náà ní Mábọlájẹ́. Orúkọ náà kò nílò ìtumọ̀ fún olóyè tí ó ń rí i pé òfin tuntun ń gba ọlá lọ́wọ́ òun. Mábọlájẹ́ ní Ìbàdàn bá NCNC ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n ìlú ni ó ni ín.

Ipò gíga àti ìwádìí

Ní ọdún 1954 èso bẹ̀rẹ̀ sí so. Mábọlájẹ́ borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn, Adélabú sì di alága rẹ̀. Ní òpin ọdún náà, nínú ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀, NCNC gba àyè 23 nínú 42 tí ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Action Group ni ó ń ṣe ìjọba níbẹ̀. Owó tí ìjọba fi kún owó-orí nítorí ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera wà lára ohun tí ó bí àwọn olùdìbò nínú. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, kò sì sí olóòótọ́ òpìtàn tí yóò sẹ́ pé iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá kì í pa ẹnu ẹni tí ń sanwó rẹ̀ mọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè iye tí ó yẹ kí òun san, àti ẹni tí yóò bá òun ṣọ́ ọ. Ìbéèrè yìí ni Adélabú ń gbé kiri.

Òfin ọdún 1954 ní kí ẹgbẹ́ tí ó bá borí ní ẹkùn kan fi mínísítà mẹ́ta sílẹ̀ láti ẹkùn náà fún ìjọba àpapọ̀. Bí Adélabú ṣe di mínísítà ní Èkó ní oṣù Kìíní, ọdún 1955, nìyẹn, tí ó sì tún jẹ́ alága ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. Ẹrù méjì ni ó rù lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìlú méjì.

Ní ọdún 1955 kan náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yan Ọ̀gbẹ́ni E. W. J. Nicholson láti wádìí ìṣàkóso ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. Ìwádìí rẹ̀ rí àbùkù púpọ̀ nínú ọ̀nà tí a gbà ń ṣètò iṣẹ́ àti owó ìgbìmọ̀ náà, kò sì yọ alága sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956 Adélabú fi ipò mínísítà sílẹ̀. A sì tú ìgbìmọ̀ náà ká. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ọ̀tá ni ó gbé ìwádìí dìde, wọn kò sì parọ́ pátápátá: ìjọba tí ó pe ìwádìí náà ni ìjọba tí Adélabú ń bá jà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan kì í pa òtítọ́ kejì. Ọ̀tá lè tọ́ka sí ìhò, kí ìhò náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò bá dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Ẹni tí yóò ṣọ́ àpò ìjọba fún aráàlú kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àpò tí ó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ ya.

Olórí àwọn alátakò

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu. Ẹni tí ìwádìí dá lẹ́bi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ bá àwọn olùdìbò ní oṣù Karùn-ún, ọdún kan náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àyè Ìbàdàn sì bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, Action Group gba àyè 48, NCNC gba 32. Adélabú, tí ì bá jẹ́ olórí ìjọba bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá borí, di olórí àwọn alátakò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin.

Èmi gbà pé ipò yìí ni ó ba ẹ̀bùn rẹ̀ mu jù lọ. Iṣẹ́ olórí alátakò kì í ṣe kí ó máa sọ pé rárá sí ohun gbogbo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fi ipá mú ìjọba láti sọ ìdí ohun tí ó ń ṣe ní gbangba, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìjọba tí ó ní ènìyàn 48 lè fi ìbò borí nígbàkígbà. Ṣùgbọ́n kò lè borí láìdáhùn, bí ẹni tí yóò béèrè bá wà. Ní ọdún 1957 Adélabú wà lára àwọn tí ó lọ sí ìpàdé ìwé òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, Ìwọ̀-Oòrùn sì gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹjọ, ọdún náà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn tí ẹ̀rù ń bà láti wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá, ìbéèrè kan dé iwájú wọn pé kí a dá ìpínlẹ̀ kan sílẹ̀ fún àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí ẹgbẹ́ Adélabú ń tì lẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ náà kò fọwọ́ sí i. Ọdún 1976 ni a tó dá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, tí Ìbàdàn sì jẹ́ olú-ìlú rẹ̀.

Ikú àti ohun tí ó tẹ̀lé e

Ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni ọkọ̀ ti pa Adélabú ní oṣù Kẹta, ọdún 1958. Ọdún méjìlélógójì ni ó lò láyé.

Nígbà tí ìròyìn náà dé Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ kò gbà pé ìjàǹbá lásán ni. Àhesọ tàn ká pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní òṣèlú ni ó wà nídìí rẹ̀. Àwọn ènìyàn dìde sí àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti àwọn tí ń gba owó-orí, nínú ìlú àti ní àwọn ìletò. A sun ilé, a sì pa ènìyàn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni a kó dé ilé ẹjọ́ lẹ́yìn náà, ẹ̀sùn ìpànìyàn sì wà lára ohun tí a fi kàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí a pa. Agbowó-orí kì í ṣe ẹni tí ó dá owó-orí sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ojú ìjọba tí àgbẹ̀ mọ̀. Nígbà tí Adélabú wà láyé, àgbẹ̀ tí owó-orí ń ni lára ní ibi tí ó lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Yóò sọ fún Adélabú, Adélabú yóò sì sọ ọ́ nínú ilé. Bí a kò tilẹ̀ dín owó náà kù, a ti sọ ọ́. Ní ọjọ́ kan, ọ̀nà yẹn dí. Àwọn tí kò rí ẹni bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ fi àdá àti iná sọ ọ́, àwọn aláìṣẹ̀ ni ó sì jìyà rẹ̀.

Nínú ilé ìgbìmọ̀, nǹkan ń lọ bí ó ti yẹ. Dennis Osadebay di olórí àwọn alátakò. Àga kò ṣófo, òfin sì wà nípò. Ṣùgbọ́n ní ìta, Mábọlájẹ́ pín sí ọ̀nà méjì, àwọn tí ó kù sì ń du ogún ẹni tí kò fi àṣẹ sílẹ̀. Post àti Jenkins, tí wọ́n kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní ọdún 1973, pe ìwé wọn ní The Price of Liberty. Òmìnira ní iye tí a ń san fún un. Ẹ̀mí àwọn tí ó kú ní ọdún 1958 wà nínú iye náà.

Ìkádìí

Kí ni kí a wá sọ nípa ọkùnrin yìí? Kì í ṣe ẹni mímọ́, kì í sì í ṣe aláwàdà lásán. Ó mú ilé ìgbìmọ̀ tí ó jìnnà sí ènìyàn, ó sì jẹ́ kí àgbẹ̀ tí kò kàwé mọ̀ pé òun ní ẹnu níbẹ̀. Ohun tí kò ṣe ni pé kò kọ́ ohun tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn òun. Ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti orúkọ rẹ̀, ìwé ìṣirò ìgbìmọ̀ rẹ̀ kò dúró ṣinṣin, kò sì sí ẹni kejì tí ìlú lè tọ̀ lọ ní ọjọ́ tí kò sí. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Láti ọdún 1979, àwọn ìpínlẹ̀ wa ti ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ológun tì wọ́n pa fún ìgbà pípẹ́. Àwọn aṣòfin tí ó wà níbẹ̀ lónìí pọ̀, ìdìbò sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí a fi wọn Adélabú ṣì wà fún gbogbo wọn: ta ni ó ń tú ọ̀rọ̀ ilé náà fún àwọn tí ó rán an lọ, ta ni yóò sì máa ṣe é bí òun kò bá sí mọ́? Ìlú tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kejì kò tíì ní aṣojú. Olùgbèjà nìkan ni ó ní, olùgbèjà sì jẹ́ ẹni tí ó lè kú lójú ọ̀nà.